Orúkọ Tí Mo Fún Erékùṣù Kẹta

Èmi kì í sọ orúkọ ilẹ̀ fún ẹni tí n kò mọ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá sì bí sínú ẹbí onílẹ̀ ní Ìkòsì yóò mọ ohun tí mò ń wí. Bí àjèjì bá dúró lẹ́nu géètì yín, tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pe ibí yìí?", ẹ ò ní dá a lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ ó kọ́kọ́ bi í pé ta ló rán an. Bàbá mi, nígbà ayé wọn, kì í tilẹ̀ bi í. Orúkọ ilẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n máa ń sọ fún un, wọ́n á nawọ́ sí ọ̀nà ibòmíràn, wọ́n á sì padà wọlé lọ jẹun. Wọ́n ní orúkọ ni àwọn ajàgùngbalẹ̀ kọ́kọ́ ń wá. Tí wọ́n bá ti mọ orúkọ, wọ́n á lọ ṣe ìwé sí i, nígbà tó bá sì di ọjọ́ kan, àwọn géńdé á dé pẹ̀lú àdá, wọ́n á ní àwọn ti ra ibẹ̀ lọ́wọ́ bàbá bàbá yín tó ti kú kí wọ́n tó bí yín.

Lára ògiri iwájú ilé wa, a fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà pé ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ọdọọdún ni mo máa ń tún un kùn. Ọmọ mi ọkùnrin ń gbé ní Mágódò, níbi tí gáàdì ti ń bi àlejò ní ìbéèrè mẹ́wàá kó tó ṣí géètì, síbẹ̀ òun ló máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Mummy, ta ló fẹ́ rà á?" Mo máa ń ní kó lọ bi gáàdì wọn léèrè pé kí ni òun náà ń ṣọ́.

Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún pé erékùṣù ni ilẹ̀ tí omi yí ká. Màá ya nǹkan róbótó kan sójú pátákó, màá fi ṣọ́ọ̀kì yí i po, màá ní kí wọ́n tún un pè lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tí n kò sọ fún wọn rárá ni pé ọmọ erékùṣù ni èmi fúnra mi. Kí ló kàn wọ́n níbẹ̀?

Tí ẹ bá gba ìsàlẹ̀ Kétu lọ, tí ẹ kọjá àwọn tó ń ta pákó, ẹ ó bá èbúté kékeré kan. Ibẹ̀ ni odò ti ń fẹ̀, tó ń wá ọ̀nà wọ inú ọ̀sà. Erékùṣù márùn-ún ló tò tẹ̀lé ara wọn níbẹ̀. Èyí tó sún mọ́ èbúté jù ni Etí-Ọ̀nà. Ẹ lè ju òkúta kó bà á. Èyí tó tẹ̀lé e ni Ìdí-Àgbọn, àgbọn sì pọ̀ níbẹ̀ nígbà kan rí, àmọ́ méjì péré ló kù báyìí, ọ̀kan sì ti kán lórí. Ẹ̀kẹta ni Ìyàwósùn. Ẹ̀kẹrin ni Másùnlọ, nítorí ibẹ̀ ni odò ti fún pọ̀, tí omi ń sáré, awakọ̀ tó bá sì tòògbé níbẹ̀, inú ọ̀sà ló máa jí sí. Èyí tó kẹ́yìn ni Ilé-Ẹyẹ. Ẹ̀dá ènìyàn kankan kò gbé ibẹ̀ rí. Ẹrẹ̀ ni, àti àwọn igi tí gbòǹgbò wọn ń yọ sókè lójú omi. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, lékèélékèé á bò ó, á funfun báláú.

Orúkọ tí a ń pè wọ́n nìyẹn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wà lórí máàpù nígbà náà. Ẹ ṣí fóònù yín, ewé lásán lẹ máa rí níbẹ̀, bíi pé kò sí ẹni tó ń dáná. Bó ṣe rí yẹn tẹ́ mi lọ́rùn.

Ìyàwósùn ni tiwa. Ìyá bàbá mi ni ìyàwó tó sùn. Wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé wọn lọ sílé ọkọ, òjò dé, omi ru, àwọn tó ń tukọ̀ ní àwọn ò lè kọjá ibi tí odò ti fún pọ̀ yẹn. Bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀ sórí erékùṣù kẹta nìyẹn, wọ́n sùn síbẹ̀ mọ́jú nínú òtútù, ìyàwó, ẹrù ìyàwó, àti àwọn tó ń sìn wọ́n lọ. Ilẹ̀ mọ́, omi rọlẹ̀, wọ́n ní ó yá, ìyàwó ní òun ò lọ mọ́. Ó ní ibi tí òun ti sùn dára, ẹni tó bá fẹ́ òun kó wá bá òun níbẹ̀. Háà! Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Ọkọ ló kó ẹrù rẹ̀ wá níkẹyìn. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ́lé sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin sí, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Mọ̀mí.

Mọ̀mí ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, àwọn nìkan ló sì kù ní Ìyàwósùn. Gbogbo àwọn aládùúgbò wọn ti kó lọ sí Kétu. Ọkọ wọn ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí wà lókè òkun. Nínú ilé pákó tí wọ́n gbé sórí òpó ni wọ́n ń gbé, wọ́n ń yan ẹja, wọ́n ń tà á fún àwọn tó ń kọjá nínú ọkọ̀. A ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá máa gbé ní Ìkòsì. Wọ́n ní ṣé a rí ìyá àwọn tó kúrò níbẹ̀ ni?

Ohun kan ṣoṣo ló ń bà mí lẹ́rù: kí ẹnìkan má lọ gba ibẹ̀ lọ́wọ́ Mọ̀mí. Wọn ò ní ìwé kankan. Mo sì ń rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àbàtà tí a ti ń pa akàn nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọ́n ti fi yanrìn dí i, ilé alájà mẹ́ta ti wà lórí rẹ̀, wọ́n ti gbé géètì sí i. Mo máa ń dúró létí odò, màá máa wo àwọn ọkọ̀ oníyanrìn, màá máa ka erékùṣù wa lójú, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, bí ẹni tó ń ka adìyẹ rẹ̀. Mo ní ẹ̀mí mi ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan dé ẹnu géètì mi. Ó wọ bàtà ọlọ́rọ́bà, ó wọ awò, ó gbé táblẹ́ẹ̀tì dání bí ẹni gbé Bíbélì. Bó ṣe rí mi ló kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán ma. Mummy, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ lè ràn mí lọ́wọ́."

Ara fu mí lójú ẹsẹ̀. Ó kúnlẹ̀ dáadáa jù. Àwọn ọkùnrin ni wọ́n máa ń rán tẹ́lẹ̀, àwọn tó máa ń wọ jígí dúdú, tí wọ́n á ní àwọn ń wá ilé tí wọ́n fẹ́ yá. A ti mọ̀ wọ́n tán. Mo ní nínú ọkàn mi pé wọ́n ti wá ọgbọ́n mìíràn nìyí, wọ́n ti ń rán àwọn ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé wá.

"Ta ló ní kí o wá?"

Ó ní wọ́n ń fi orúkọ àwọn abúlé orí omi sórí máàpù, kí wọ́n lè rí wa bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Mo ní, "Àwọn wo ni wọ́n?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ó wá ṣí táblẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi àwòrán kan hàn mí tí wọ́n yà láti òkè. Erékùṣù márààrún ló wà níbẹ̀, wọ́n tò bí ẹja tí wọ́n fi igi gún láti yan. Ó fi ìka méjì fẹ ẹ̀kẹta lójú. Mo rí páànù ilé Mọ̀mí. Mo rí ibi tí páànù náà ti dípẹtà. Mo rí ohun funfun kan tí wọ́n sá síta, ó dà bíi pé ìró wọn ni. Ẹ̀rù bà mí. Ta ló gba àṣẹ lọ́wọ́ ìyá arúgbó kó tó lọ ya òrùlé rẹ̀ láti ojú ọ̀run?

"Ẹ̀kẹta yìí, ma, kí ni wọ́n ń pè é?"

Mo ní kó fún mi láyè, kí n mú ìborí mi, ká jọ lọ sí èbúté. Lójú ọ̀nà ó ń sọ̀rọ̀, ó ń pè mí ní Mummy ní gbogbo ìgbà, ó ní ẹnu méjì ni òun gbọ́dọ̀ gbọ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan láti ibẹ̀, ti ọmọ ibẹ̀ kan àti ti ẹni tó ń wa ọkọ̀ lórí odò náà. Bí ẹnu méjèèjì bá bára mu, òun á kọ ọ́ sílẹ̀, bí wọn ò bá bára mu, òun á fi í sílẹ̀ ni. Èmi ń gbọ́, mo ń ronú.

Ní èbúté, mo pe awakọ̀ tó máa ń gbé ẹrù lọ fún Mọ̀mí. Àgbà ọkùnrin ni, ọmọ Ìdí-Àgbọn ni. Mo wò ó, ó wò mí. Ó wo bàtà ọmọbìnrin náà, ó wo táblẹ́ẹ̀tì, ó tún wò mí. Ojú wa ti parí ọ̀rọ̀.

Ọmọbìnrin náà tọ́ka sí àkọ́kọ́. Mo ní Etí-Ọ̀nà. Awakọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tọ́ka sí ẹ̀kejì. Mo ní Ìdí-Àgbọn, òótọ́ náà ni. Irọ́ tó bá máa dúró, ó ní láti rí òótọ́ fara tì. Ó wá tọ́ka sí ẹ̀kẹta.

"Ilé-Ẹyẹ," ni mo wí. "Kò sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀."

"Ṣùgbọ́n mo rí páànù níbẹ̀, ma."

"Àwọn apẹja ló pàgọ́ síbẹ̀. Wọ́n ti lọ tipẹ́."

Awakọ̀ ní, "Wọ́n ti lọ tipẹ́." Kò tilẹ̀ mí.

Mo pe ẹ̀kẹrin ní Másùnlọ. Nígbà tó kan ẹ̀karùn-ún, ilé àwọn lékèélékèé, mo gbé orúkọ wa, mo gbé e lé e lórí. Mo ní, "Ìyàwósùn." Ọmọbìnrin náà gbé orí sókè, ó ní orúkọ yẹn dùn, ó ní báwo ni ibẹ̀ ṣe ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo wá sọ ìtàn ìyá bàbá mi fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí òjò ṣe rọ̀, bí wọ́n ṣe bẹ̀ wọ́n, bí ọkọ ṣe kó ẹrù wá. N kò yí ohunkóhun padà, àfi ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Mummy, màá kọ ìtàn yìí náà síbẹ̀ o." Ojú rẹ̀ ń dán. Ojú tì mí díẹ̀, mo sì lé ìtìjú náà lọ.

Ó fẹ́ lọ fojú rí gbogbo wọn. Àmọ́ ewé odò ti bo ojú omi lọ́dún yẹn, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kò lè kọjá Ìdí-Àgbọn. Ibẹ̀ ló dé tó fi padà. Ó fún mi ní káàdì tí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó lọ. Bó ṣe yí kọ́nà báyìí ni mo ya káàdì náà sí wẹ́wẹ́. Mi ò fẹ́ kí nǹkan wọn wà nínú ilé mi.

Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi ń ṣọ́nà. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí n kò bá mọ̀ rí tó bá dúró sí àdúgbò wa, màá kọ nọ́ńbà rẹ̀ sẹ́yìn ìwé orin mi. Mo ń lọ sí èbúté lọ wò ó bóyá wọ́n ti ri òpó mọ́lẹ̀, bóyá wọ́n ti fi ọ̀dà pupa fa àmì sára igi. Kò sí nǹkan. Lọ́jọ́ kan, ọmọ mi fi máàpù hàn mí lórí fóònù rẹ̀, pé Mummy, ẹ wá wo abúlé yín. Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwósùn rèé lórí àwọn ẹyẹ! Ilé-Ẹyẹ rèé lórí Mọ̀mí! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọmọ mi ní kí ló pa mí lẹ́rìn-ín, mo ní kó fi mí sílẹ̀. Mo ní àwọn tó bá fẹ́ gba ilẹ̀ wa, kí wọ́n lọ bá lékèélékèé du ẹrẹ̀.

N kò sọ fún Mọ̀mí. Oṣooṣù ni mo máa ń gbé búrẹ́dì, ṣúgà, àti ata rodo tí mo bá rà ní Mile 12 lọ fún wọn. Ọjọ́ kan wọ́n ń ṣa egungun kúrò lára ẹja, wọ́n ní, "Mo gbọ́ pé ọmọbìnrin kan wá ń bèèrè orúkọ àwọn erékùṣù."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ̀mí."

"Kí ló dé tí o ò mú un wá bá mi?"

"Ewé odò ló dí ọ̀nà, Mọ̀mí."

"Ǹ bá sọ bí ìyá mi ṣe sùn síbí fún un. Tó bá tún wá, mú un wá o." Mo ní kò burú. Mo yára bi wọ́n léèrè bóyá àwọn fẹ́ kí n bá àwọn ra ọṣẹ bọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, nínú oṣù kẹwàá, omi dé. Ọdọọdún ló máa ń dé, Mọ̀mí kì í sì í kà á sí. Wọ́n á gbé ẹrù sórí pẹpẹ, wọ́n á gòkè jókòó, wọ́n á máa dúró kó lọ. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, fóònù mi dún, Mọ̀mí ni. Wọ́n ní omi ti wọ yàrá. N kò tíì rí bàtà mi wọ̀ tí wọ́n tún pè. Wọ́n ní ó ti dé orúnkún àwọn. Mọ̀mí kì í pe èèyàn lẹ́ẹ̀mejì.

Mo pe awakọ̀ wa. Ó ní òun wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ìyá ìyàwó òun ni wọ́n fẹ́ sin. Mo wọ kẹ̀kẹ́ márúwá, mo dé èbúté, odò ti gòkè débi tí wọ́n ti ń sá àwọ̀n. Àwọn awakọ̀ ti so ọkọ̀ wọn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ńlá kan wà níbẹ̀, àwọn ọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti ń kó àwọn èèyàn Etí-Ọ̀nà bọ̀ láti àárọ̀. Kò sí ọmọ Kétu kan nínú wọn. Mo di ọ̀gá wọn lápá mú.

"Ẹ gbà mí o! Ìyá mi ń bẹ lórí erékùṣù, àwọn nìkan ni, wọ́n ti dàgbà!"

"Kí ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ma?"

"Ìyàwósùn!"

Ó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù rẹ̀. "A ti rí i, ma. Ẹ fọkàn balẹ̀." Mo da àdúrà bò ó. Mo ní Ọlọ́run á dá a lóhùn lọ́jọ́ tí òun náà bá ké. Mo fẹ́ bá wọn wọ ọkọ̀, wọ́n ní rárá, àyè àwọn tí wọ́n fẹ́ gbé bọ̀ ni. Ọ̀gá yẹn yíjú sí ẹni tó ń wa ọkọ̀, ó ní, "Òun ló kẹ́yìn pátápátá. Tààrà ni kí o máa lọ." Ẹ́ńjìnnì ké.

Mo ti ń gbé ìborí mi kúrò lórí láti fi nu ojú, kí ọ̀rọ̀ yẹn tó wọ̀ mí lára. Òun ló kẹ́yìn. Ó tán! Mo kígbe. Mo wọ inú omi débi itan, mo ń fi ìborí juwọ́, mò ń pariwo pé ẹ̀kẹta ni, ẹ padà, ẹ̀kẹta ni. Ẹ́ńjìnnì ń ké mọ́ mi lẹ́nu. Ọ̀gá náà bojú wẹ̀yìn, ó rí mi, ó rò pé mò ń dágbére fún wọn ni. Ó juwọ́ sí mi.

Mo pe Mọ̀mí lórí fóònù, kò lọ mọ́. Mo bẹ àwọn awakọ̀ tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní Mummy, ẹ wo omi. Mo jókòó sórí àpótí kan. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ ní kí n má sunkún, ọkọ̀ ti lọ, wọ́n ti rí ibẹ̀ lórí máàpù. Mi ò lè sọ fún wọn. Nígbà tó fi máa tó wákàtí méjì, ẹ wo irú ọkàn tí mo ní, mo tún ti ń fura sí àwọn ọkùnrin yẹn. Mo ní bóyá wọ́n ti lọ jókòó síbì kan, wọ́n ń jẹun. Èmi tí mo fi ẹnu ara mi darí wọn sọ́dọ̀ ẹyẹ!

Ìgbà tí wọ́n padà, Mọ̀mí wà nísàlẹ̀ ọkọ̀, wọ́n fi jákẹ́ẹ̀tì bò wọ́n. Ojú wọn là. Ẹsẹ̀ wọn ọ̀tún yí síta bí ẹsẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn.

Inú ọ̀gá yẹn ò dùn. "Mummy, ibi tí ẹ ní ká lọ, ẹyẹ ló kún ibẹ̀! A yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Ibòmíràn la ti rí Mama yìí." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Nígbà tí a ń lọ, wọ́n ń pè wá láti ojú fèrèsé. A ní kí wọ́n ní sùúrù, a máa padà gbé wọn, pé ìyá kan ń dúró dè wá ní Ìyàwósùn. Wọ́n ní àwọn ni ìyá náà, pé ibẹ̀ ni Ìyàwósùn. A rò pé wọ́n kàn fẹ́ ká kọ́kọ́ gbé àwọn ni. Àwọn èèyàn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ma."

Láàárín ìgbà tí wọ́n kọjá lọ àti ìgbà tí wọ́n padà, pẹpẹ tí Mọ̀mí jókòó lé já. Wọ́n já bọ́ sórí igi àdògán tí wọ́n fi ń yan ẹja, egungun ìbàdí wọn kán. Òpó ilé ni wọ́n dì mú, omi ti dé àyà wọn nígbà tí ọkọ̀ dé. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, omi ti gbé ilé náà lọ pátápátá, ó ku òpó mẹ́ta.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n lò ní ọsibítù. Dókítà ní wọn ò ní lè dá rìn mọ́, kí á má tilẹ̀ dárúkọ kí wọ́n máa gun ọkọ̀ ojú omi. Mo gbé wọn wá sílé mi, mo fún wọn ní yàrá iwájú, èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri tí mo ń kùn. Àwọn èèyàn ń wá kí wọn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Mọ̀mí ń sọ fún gbogbo wọn. "Mo sọ orúkọ ilé mi fún wọn, wọ́n ní kì í ṣe ibẹ̀." Wọn ò fi ìbínú sọ ọ́. Ó yà wọ́n lẹ́nu ni, wọ́n á sọ ọ́ tán, wọ́n á máa wo ọwọ́ wọn. Nígbà tí àlejò bá lọ tán, wọ́n á yíjú sí mi. "Ta ló lè sọ fún wọn pé ibòmíràn ni?"

Mo ń dá wọn lóhùn pé ta ló mọ̀. Mo ń sọ pé àwọn oní-máàpù yẹn, ṣebí wọn ò mọ nǹkankan. Mo tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n fura sí awakọ̀ wa fún odidi ọjọ́ mélòó kan. Oúnjẹ tí mò ń sè fún wọn ń dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, aṣọ wọn ń mọ́ ju ti ẹnikẹ́ni lọ ládùúgbò, èmi ò sì lè jókòó tì wọ́n fún wákàtí kan.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, a jọ ń bó ẹ̀gúsí, wọ́n tún bi mí. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo ní, "Èmi ni, Mọ̀mí."

Wọ́n gbé ẹ̀gúsí ọwọ́ wọn sílẹ̀.

Mo wá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn, táblẹ́ẹ̀tì, páànù tí mo rí láti òkè, awakọ̀, bí mo ṣe gbé orúkọ kan sórí èkejì. Mo ní ẹ̀rù ló bà mí. Mo ní mi ò fẹ́ kí àwọn ajàgùngbalẹ̀ mọ ibi tí Mọ̀mí wà. Mo ní àwọn oníyanrìn ti dé ìtòsí, Mọ̀mí, ẹ̀yin náà rí wọn. Mo ní kí wọ́n má baà gba ibẹ̀ lọ́wọ́ yín ni. Mò ń sunkún, ẹ̀gúsí ń bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mọ̀mí gbọ́ mi tán. Wọ́n gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lórí aṣọ wọn.

"Ó lé ní ọgọ́rin ọdún tí mo fi gbé ibẹ̀," ni wọ́n wí. "Kò sí ajàgùngbalẹ̀ kan tó wá rí. Ta ló fẹ́ ẹrẹ̀? Kò sí ẹnikẹ́ni tó gba Ìyàwósùn lọ́wọ́ mi, àfi ìwọ."

Wọn ò gbé ohùn sókè. Wọ́n ní kí n bu omi fún àwọn. Mo dìde, mo bu omi wá, wọ́n mu ún, wọ́n sì dá ife padà fún mi. Láti ọjọ́ yẹn, bí àlejò bá wá, wọn kì í sọ ìtàn náà mọ́.